Ẹni Tí Kò Ṣe É Yọ̀ǹda

Ní ilé-iṣẹ́ panápaná tiwa, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n rán ẹnìkan lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ má tíì kí i kú oríire. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣe akọ̀wé níbẹ̀. Èmi ni mò ń tẹ ìwé tí a fi ń yan èèyàn, èmi náà ni mò ń lu òǹtẹ̀ sí i, mi ò sì rántí ìgbà kan tí wọ́n fi orúkọ òṣìṣẹ́ gidi sínú ẹ̀. Lẹ́tà á ti òkè wá pé kí a fi ẹnìkan ránṣẹ́ kó lọ kọ́ bí a ṣe ń yọ èèyàn lábẹ́ ilé tó wó, tàbí bí a ṣe ń kó ará ìlú kúrò lọ́nà omíyalé. Ọ̀gá á ka lẹ́tà náà, á na ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì, á wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ta la lè yọ̀ǹda?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn dáadáa. Kò béèrè ẹni tó nílò ẹ̀kọ́, kò béèrè ẹni tó máa lò ó. Ẹni tí a lè yọ̀ǹda ló ń wá, ìyẹn ẹni tó jẹ́ pé bó wà níbi iṣẹ́, bí kò sí níbi iṣẹ́, bákan náà ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan wà láàárín wa tí kò sí iyèméjì lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Baba Sẹ́mínà là ń pè é.

Ọkùnrin náà ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlá. Ó lọ fún ti iná, ó lọ fún ti omi, ó lọ kọ́ ohun tí a ń ṣe bí ilẹ̀ bá mì, ní ìlú tí ilẹ̀ kò mì rí láti ayébáyé. Ó fi férémù kọ́ gbogbo ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sára ògiri ẹ̀yìn àga rẹ̀, wọ́n pọ̀ débi pé nígbà tí ògiri náà sán, a ò tètè mọ̀. Àwọn báàgì tí wọ́n máa ń pín níbẹ̀, tí wọ́n kọ àkọlé ìpàdé sí lára, ìyàwó rẹ̀ ló ń fi wọ́n ra ata. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó so okùn mọ́ òpó, kẹ́ ẹ wá wò ó. Á so ó bí ẹni ń so bàtà ọmọ iléèwé, á sì ní kí ẹlòmíì bá òun fà á wò.

Òun kọ́ ni mo jókòó láti sọ ìtàn rẹ̀ o. Ìyá Okùn ni. Agbálẹ̀ ni wọ́n gbà á sí ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀ nígbà náà tó ń tọ́jú okùn àti àkàbà. Ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù, á máa fọwọ́ tọ okùn lọ láti orí dé ìdí kó lè mọ ibi tó ti fẹ́ já. Obìnrin yìí á gbálẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á dúró, á máa wò ó. Nígbà tí bàbá náà fẹ̀yìn tì, kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí wọ́n ṣe gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n fún un ní akoto, láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ ìwé kankan sí i.

Yàrá méjì ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ náà ti ń ṣe káfíńtà. Mo débẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Iyẹ̀ pákó máa ń fẹ́ wọlé dé orí ìrọ̀rí. Okùn kan wà tó so mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn, òun ló fi máa ń ta kókó bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, láìwojú rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa tú kókó náà. "Ìyàwó mi, èyí dẹ̀ jù," ni ìyá àgbà á wí, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lé e lórí bí ọ̀rẹ́ méjì. Ọkọ rẹ̀ ló bá a ṣe àwọn pákó gígùn mẹ́rin tó máa ń gbé sínú ọkọ̀ panápaná. Bí èèyàn bá jìn sí kòtò, etí kòtò náà ni Ìyá Okùn á kọ́kọ́ tẹ́ pákó sí, kí ìwúwo àwọn tó dúró má baà já ilẹ̀ lulẹ̀. Lẹ́yìn náà á lé gbogbo èrò sẹ́yìn, ìbáà ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá.

Ìbéèrè kan wà tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ògiri wó lu bíríkìlà kan, ó há a lẹ́sẹ̀ méjèèjì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá Okùn ló jókòó tì í. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀, ó mumi, ó ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ògiri tí òun fọwọ́ ara òun mọ ló wó lu òun. Nígbà tí Ìyá Okùn àti àwọn yòókù gbé ògiri kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́, kò pẹ́ rárá tó fi kú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dànù, orí rẹ̀ kò fọ́. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Okùn ti fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ òun ló pa á. Ó bi Baba Sẹ́mínà, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyẹn ti gba ìwé-ẹ̀rí lórí ilé tó wó. Baba Sẹ́mínà ní ó wà nínú fáìlì òun, òun á wò ó. Ó ṣì ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Ìwé dé láti òkè pé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún tuntun, ẹni tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí ìdóòlà ẹ̀mí kò gbọdọ̀ so okùn mọ́, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹni tó farapa. Kí irú wọn lọ máa fọ kúbùsù. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì péré ló kù kí ọdún tó parí, ọ̀kan lóṣù kẹrin, ọ̀kan lóṣù kọkànlá. Bí Ìyá Okùn kò bá rí ọ̀kan lọ nínú méjèèjì, ọdún mọ́kàndínlógún rẹ̀ parí sídìí ọṣẹ nìyẹn, ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀ á sì bá a wọ ibẹ̀.

Ó wọ aṣọ tó lọ̀ dáadáa, ó lọ bá Ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Mo wà níbẹ̀, mò ń lu òǹtẹ̀ sí nǹkan.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi sí ti oṣù kẹrin yìí. Ẹ ṣáà mọ òfin tó ń bọ̀."

Ọ̀gá kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó sì mọ bí a ṣe ń fi ìyìn dínà mọ́ èèyàn. "Ìyá wa," ó ní, "ẹ̀yin lòpó ilé yìí. Tí mo bá yọ̀ǹda yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, tẹ́nìkan wá jìn sí kànga ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ dilẹ̀ lọ."

"Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ dilẹ̀ ti lọ lẹ́ẹ̀mẹtàlá, sà."

"Ìyẹn ni pé ó ti mọ ọ̀nà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé òun ni ọ̀gá mi. Lẹ́yìn náà mo jókòó, mo tẹ orúkọ Baba Sẹ́mínà. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Baba Sẹ́mínà padà dé pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí kẹrìnlá. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí wọ́n lọ kọ́ ọ ni bí a ṣe ń ṣa àwọn tó farapa lẹ́ṣà: ta ni kí a kọ́kọ́ gbé, ta ló lè dúró díẹ̀. Kò tíì lo oṣù kan nílé tí bọ́ọ̀sì akérò kan fi dojú dé lójú títì ńlá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo bá wọn lọ, torí wọ́n ní kí n máa kọ orúkọ àwọn tó farapa. Èèyàn bí ogún ló wà lórí koríko, ẹni tó jókòó, ẹni tó nà gbalaja. Baba Sẹ́mínà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹni àkọ́kọ́, ó tú kọ́là aṣọ rẹ̀, ó wo ọrùn rẹ̀. Ó bọ́ sọ́dọ̀ ẹni kejì, ó wo ọrùn tìyẹn náà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó fi gèlè di ọwọ́ rẹ̀ tó ti kán, ìyá náà ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń wá lọ́rùn mi?"

"Káàdì yín dà?" ni Baba Sẹ́mínà wí.

Mo ti rò pé mi ò gbọ́ dáadáa ni, àfi ìgbà tí dírẹ́bà wa là mí lóye. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ń ṣeré ẹni tó farapa máa ń gbé káàdì kọ́rùn, wọ́n á ti kọ ohun tó ṣe wọ́n sí i: ẹsẹ̀ kán, orí fọ́, kò mí dáadáa. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣáà kà á kó sì yan ẹni tó yẹ. Ọkùnrin yìí ti ṣa èèyàn lẹ́ṣà títí tó fi gba ìwé-ẹ̀rí, kò sì tíì rí ẹni tó farapa láìní káàdì rí. Nígbà tí káàdì kò sí, ó rántí pé àwọn tí ọgbẹ́ wọn pọ̀ jù ni wọ́n máa ń ní kó pariwo jù. Ló bá lọ bá ọkùnrin kan tó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń pa, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e. Ẹrù rẹ̀ tó sọnù ni ọkùnrin náà ń ké sí.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n Ìyá Okùn mọ̀. Ó ré gbogbo àwọn tó ń pariwo kọjá, ó lọ sídìí táyà bọ́ọ̀sì náà, níbi tí obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà jókòó sí jẹ́ẹ́, tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé kò sí nǹkan tó ṣe òun. Ètè rẹ̀ ti funfun. Ìyá Okùn fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níkùn lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí wọ́n gbé e sínú áńbúláǹsì kíá. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti ń dà sínú ikùn rẹ̀, pé ká ní wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ á ti yíwọ́. Tíṣà náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí, ó ń na ọmọ ọlọ́mọ lọ.

Lẹ́tà ìyìn dé láti ilé ìwòsàn. Ọ̀gá kó gbogbo wa jọ, ó kà á sí wa létí lẹ́ẹ̀mejì, àfi bíi pé òun ló gba ẹ̀mí tíṣà náà là. Ìyá Okùn rò pé ọ̀nà ti là nìyẹn. Ó dúró kí àwọn èèyàn lọ tán, ó wá rán Ọ̀gá létí ti oṣù kọkànlá.

"Ẹ wò ó, Ìyá wa," ni Ọ̀gá wí. "Lẹ́yìn èyí tẹ́ ẹ ṣe yìí, ta lorí ẹ̀ pé tó máa yọ̀ǹda yín?"

"Òfin yẹn ńkọ́, sà?"

"A máa rí nǹkan ṣe sí i."

Ohun tó ti ṣe sí i wà lórí tábìlì mi. Orúkọ àwọn tó máa lọ máa fọ kúbùsù ni, mo ti tẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ kẹta. Orúkọ tirẹ̀ ló ṣáájú.

Ó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ náà, ó gbé akoto lé orúnkún. "Akọ̀wé, kí ni mo ṣe tí ò dáa?"

"Iṣẹ́ lẹ mọ̀," ni mo wí. "Nílé yìí, ẹni tí ò wúlò ni wọ́n ń rán níléèwé. Tó bá wù yín kẹ́ ẹ lọ, ẹ yáa di ẹni tí ò wúlò."

Ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń rò nínú fún ọdún gbọọrọ ni, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu, mo sì sọ ọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá Okùn kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí lójú, ó ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Ẹ wá wo ìyà. Obìnrin náà kò mọ ìmẹ́lẹ́ ṣe. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pinnu láti pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kùtùkùtù ló ti dé, ó wá lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ọgbà títí aago fi kọjá. Ó gbàgbé láti ká okùn, kò sì lè jẹun ọ̀sán rẹ̀ títí tó fi lọ ká a. Ọkọ rẹ̀ ní láti máa kọ́ ọ nílé, mo wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Sọ ọ́ kí n gbọ́," ni káfíńtà wí, ó ń fá pákó lọ.

"Kì í ṣe iṣẹ́ mi."

"Ojú ń tì ẹ́. Tún un sọ. Jẹ́ kó dà bíi pé ò ń jẹ nǹkan lọ́wọ́."

"Kì í ṣe iṣẹ́ mi."

"Ta ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé mi?" ni ìyá àgbà bèèrè láti ẹnu ọ̀nà, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ti ń mọ̀ ọ́n. Ó lè na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ igi pẹ̀lú Baba Sẹ́mínà, ìyẹn á sì bu ẹ̀pà fún un bí ẹbí tó ti sọnù tó wá padà wálé. Kò gbé pákó sínú ọkọ̀ mọ́. Àdéhùn kan ló bá ara rẹ̀ ṣe, ó sọ ọ́ fún mi: ìpè kékeré nìkan lòun máa jókòó fún. Tó bá ti la ẹ̀mí lọ, òun á dìde. Ewúrẹ́ jìn sí gọ́tà, ó jókòó. Ẹnìkan ti kọ́kọ́rọ́ mọ́nú ilé, ó jókòó. Ọ̀gá ti ń mi orí. Ó bi mí pé kí ló ń ṣe obìnrin yìí, ṣé ọjọ́ ogbó ni, mo sì ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn pé ọgbọ́n mi ń ṣiṣẹ́.

Ní oṣù kẹwàá, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀, fóònù dún. Èmi ni mo gbé e. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń gbẹ́ kòtò páìpù omi ní òpópónà kejì sí wa, ilẹ̀ ya bò ó dé ìbàdí, kò lè yọ ẹsẹ̀. Mo ké e síta kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Ilẹ̀ bò ó dé ìbàdí. Ó ń sọ̀rọ̀. Ó tiẹ̀ ní kí wọ́n má sọ fún ìyàwó òun, kó má lọ kó o lọ́kàn sókè."

Gbogbo wọn dìde. Ìyá Okùn wò mí. Mo mọ ohun tó ń bi mí, bóyá kékeré ni tàbí ńlá, mo sì fi ojú sọ fún un pé kékeré ni. Ọ̀gá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá wa, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí, sà," ló wí. "Baba Sẹ́mínà ní ìwé-ẹ̀rí kòtò."

Ọ̀gá wò ó láti òkè délẹ̀, ó pòṣé, wọ́n gbéra. Fèrè ọkọ̀ ń dún lọ. Ìgbà náà ni Ìyá Okùn yíjú sí ilé ìkẹ́rù, tó rí pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi tí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Kò sẹ́ni tó gbé wọn, nítorí pé kò sẹ́ni tó máa ń gbé wọn àfi òun. Ó gbé méjì lé orí, ó sáré jáde, bàtà onírọ́bà rẹ̀ kan bọ́ sẹ́nu géètì, kò padà wá mú un. Èmi jókòó ti fóònù.

Dírẹ́bà ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní Baba Sẹ́mínà dé, ó sì to gbogbo èèyàn yí etí kòtò ká: àwọn tó ń ri páìpù, àwọn tó ń kọjá lọ, Ọ̀gá pàápàá. Ó kó okùn lé wọn lọ́wọ́, ó ní tí òun bá ti ka ẹ̀ta, kí wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin inú kòtò ń dá wọn lápàárá pé kí wọ́n má fa òun já sí méjì. Kò tíì ka èjì tí etí kòtò fi já lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ẹni méjì bá a ṣubú, wọ́n fa àwọn ìyẹn jáde. Ilẹ̀ bo ti àkọ́kọ́ kọjá orí. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń wa erùpẹ̀ nígbà tí Ìyá Okùn dé pẹ̀lú pákó, tó ń lé wọn sẹ́yìn, tó ń pè wọ́n ní orúkọ tí kò ṣe é kọ sínú ìwé. Òun náà ló sọ̀ kalẹ̀ lọ yọ ọ́. Ọkùnrin náà ti kú.

Nígbà tí wọ́n dé, ó jókòó sórí páìpù kan nínú ọgbà, erùpẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Mo lọ bá a. "Ẹ ní ó ń sọ̀rọ̀, Akọ̀wé," ló wí. "Bíríkìlà yẹn náà sọ̀rọ̀. Mo yẹ kí n mọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó olóògbé wá gba fìlà ọkọ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ìyá tó gbé pákó sáré wá han òun. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá mi. Wọ́n ní ẹ gbìyànjú." Ìyá Okùn gbé e dìde, kò sì lè gbójú sókè.

Ọ̀gá kọ ìròyìn ọ̀rọ̀ náà sí òkè. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ ló rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló pè mí fún ìwé oṣù kọkànlá, ó sì na ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì. "Ẹ fi Ìyá Okùn sí i. Obìnrin yẹn ti dẹ̀ lọ́wọ́. A lè yọ̀ǹda ẹ̀ báyìí."

"Èèyàn méjì ni wọ́n ní kó wá lọ́tẹ̀ yìí, sà."

Ó wo yàrá náà yí ká. Ojú rẹ̀ wá dúró lára mi. "Ẹ fi ti ara yín. Fóònù lásán lẹ̀ ń gbé."

Mo rò pé Ìyá Okùn á kọ̀. Kò kọ̀. Ó ní bí òun kò bá lọ, ọkùnrin náà kú lásán nìyẹn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n mú wa lọ wo kòtò tí wọ́n fi ń kọ́ni. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ń dán, wọ́n kun etí rẹ̀ lọ́dà pupa. Àwa ogójì dúró yí i ká, a yọjú sínú rẹ̀, iyanrìn hóró kan kò yẹ̀. Ìyá Okùn nìkan ló dúró sẹ́yìn. Olùkọ́ ní, "Màmá, ẹ sún mọ́ ọn, kò séwu." Mo wá mọ ibi tí Baba Sẹ́mínà ti kọ́ láti to èèyàn yí etí kòtò ká. Nítorí kí nǹkan kan má baà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ṣe rẹ́ ẹ, ẹni tí kò bá sì rí kòtò mìíràn rí á rò pé bí gbogbo kòtò ṣe rí nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹta ni olùkọ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí nǹkan wúwo há lẹ́sẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní májèlé á ti gbára jọ sínú ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, tí a bá gbé ẹrù náà kúrò lójijì, á sáré lọ sínú ọkàn, á sì dá a dúró. Ó ní dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa omi sí i lára. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe mọ nìyẹn, kò gùn ju èyí tí mo kọ yìí lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Baba Sẹ́mínà ti jókòó síwájú rẹ̀, tó ń jẹ bisikíìtì. Ìyá Okùn kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá nawọ́ sókè.

"Ẹni tó gbé ògiri kúrò láìmọ̀ ńkọ́, sà? Ṣé òun ló pa á?"

"Rárá, ìyá. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ni."

Ó dúpẹ́, ó jókòó. Mo rò pé ara rẹ̀ á fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ẹni ńlá kan wá láti òkè, ó ń pín ìwé-ẹ̀rí nínú gbọ̀ngàn. Kí èèyàn kàn gbà á ni, kó yíjú sí ẹni tó ń ya fọ́tò, kó lọ jókòó. Ìyá Okùn gba tirẹ̀, kò yíjú síbì kankan. Ó dúró, ó kà á láti òkè délẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí, "ṣé àyè ṣì wà lórí rẹ̀ fún orúkọ kan sí i?"

Ẹni ńlá náà rẹ́rìn-ín, ó fẹnu sún mọ́ makirofóònù. "Ti ọkọ yín ni, Màmá?"

"Rárá, sà. Ti ọkùnrin tí mo jẹ́ kó kú, kí wọ́n tó lè yọ̀ǹda mi."

Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Ẹni ńlá náà wo ìwé orúkọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí i, ó tún un ṣí, ó wá pe ẹni tó kàn. Èmi ni.